Arọ tí kò gbọ́ ńkọ́? Ó yẹ kí àsọtẹ́lẹ̀ òjò dé etí àgbẹ̀ ní Kwara

Bí oṣù kẹta ọdún bá ti ń lọ sópin ní Ìlọrin, ojú ọ̀run ni tọmọdé-tàgbà ń wò. Ooru á ti mú débi pé inú ilé kò ní ṣeé sùn, omi kànga á ti fà, eruku á sì ti bo ewé igi ẹ̀gbẹ́ títì. Lọ́jọ́ kan ṣáá, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn líle á dìde láti apá ìlà oòrùn, ojú ọjọ́ á ṣú dẹ̀dẹ̀, àrá á sán, òjò ńlá á sì dà fún nǹkan bíi wákàtí kan. Á ṣí òrùlé àwọn kan, síbẹ̀ inú ìlú á dùn. Àwọn ọmọdé á bọ́ sínú òjò, àwọn ìyá á gbé garawa sábẹ́ páànù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn àgbẹ̀ ní Afọ̀n, Òkè-Òyì, Màlété àti Bódè Sáàdú á ti gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n á ti di irúgbìn sínú àpò.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ yẹn kì í fìgbà gbogbo ní èkejì nítòsí. Ó lè rọ̀ lónìí kó má tún rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàdo tí wọ́n ti gbìn á hù láàárín bíi ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan, á yọ ewé méjì, oòrùn á sì jó o pa. Èyí tí kò bá hù, èèrà àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló ni ín. Nígbà tí òjò gidi bá wá dé, àgbẹ̀ náà á tún lọ ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì, á tún san owó alágbàṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá fi ṣe ti àkọ́kọ́, èlé kì í dúró de òjò. Ẹni tí kò bá rówó ra irúgbìn mìíràn á fi ilẹ̀ tó ti ro kalẹ̀ sílẹ̀ fún koríko. Bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà, ẹni tó ń ra ìyẹ̀fun ọkà ní Ọjà Ọba yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó lè sọ fún àgbẹ̀ náà pé kó mú sùúrù wà. Ìjọba ń san owó oṣù fún wọn, iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì ń ṣe é. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n arọ náà ní láti gbọ́ ná. Èyí tí kò gbọ́ ńkọ́?

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n ń pè ní NiMet, ni òfin ọdún 2003 gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àjọ yìí máa ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ jáde. Ó máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa níbì kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀, bí yóò ti pọ̀ tó, àti ibi tó ṣeé ṣe kí ọ̀dá ọlọ́jọ́ díẹ̀ ti jà lẹ́yìn tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ nílò gan-an nìyí. Àmọ́ Àbújá ni ayẹyẹ rẹ̀ ti máa ń wáyé. Mínísítà á sọ̀rọ̀, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò, ìwé ìròyìn á gbé e, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ariwo á rọlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà fi ń sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àjọ náà ti ń túmọ̀ kókó inú rẹ̀ ní ṣókí sí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n túmọ̀ tó wá jókòó sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń gbin ẹ̀gúsí lójú ọ̀nà Afọ̀n.

Kí ló fà á tí òjò àkọ́kọ́ fi máa ń tan ènìyàn jẹ báyìí? Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ Nàìjíríà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù, ó gbé omi dání. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, gbígbẹ ni, òun náà ló ń gbé ọyẹ́ wá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún, ìtòsí etí òkun ló máa ń wà. Bí oòrùn bá ti ń sún lọ sí àríwá, òun náà á máa sún lọ, títí tí yóò fi kọjá ibodè Nàìjíríà lápá òkè ní oṣù kẹjọ. Ẹ̀yìn ààlà yìí, lápá ibi tí atẹ́gùn olómi ti pọ̀, ni òjò ti ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò fi máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìlọrin, tí ti Ìlọrin náà sì ń ṣáájú ti Sókótó.

Ìlọrin kò sí létí òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí létí aṣálẹ̀. Àárín méjì ló wà, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, lórí ilẹ̀ tí odò Àsà àti odò Ọ̀yun ń ṣàn gbà lọ sọ́nà odò Ọya. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ààlà atẹ́gùn yìí máa ń lọ síwájú, ó tún máa ń padà sẹ́yìn. Bó bá lọ síwájú, òjò kan á rọ̀ pẹ̀lú ìjì. Bó bá padà sẹ́yìn, oòrùn á tún gba ipò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó di apá ìparí oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún kí òjò tó máa tẹ̀lé ara wọn bó ṣe yẹ. Lọ́dún kan, nǹkan bíi 1,200 mílímítà òjò ló ń rọ̀ ní Ìlọrin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ tán. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì tí àgbẹ̀ bá fi ṣi ìgbìn gbìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àwọn baba ńlá ẹni kò ṣàìmọ èyí. Ìdí nìyẹn tí èdè Yorùbá fi ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún àkọ́rọ̀ òjò, tó sì ní àrọ̀kúrò fún ti ìparí. Wọ́n ń wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, wọ́n ń wo igi tó ń rúwé, wọ́n ń wo bí èèrà ti ń kó ẹyin rẹ̀ sá. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ pẹ̀lú kì í ka òjò àkọ́kọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò. Ohun tí wọ́n ń wá ni òjò tó tó nǹkan bí ogún mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ọ̀dá gígùn kò sì tẹ̀lé e. Ohun kan náà ni àgbà oko àti onímọ̀ ń sọ, ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré. Igi tí bàbá ń wò kí ó tó gbin iṣu, wọ́n ti gé e ṣe èédú. Òjò tó máa ń dé lákòókò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Àwọn tó ti dàgbà kò gbàgbé ọdún 1983, nígbà tí òjò kò tó lọ́pọ̀ ibi ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí iná ọ̀dá ń jó oko kòkó ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ojú nìkan kò tó fi wo ojú ọ̀run mọ́. Ẹni tó bá ní kí àgbẹ̀ máa dá ojú rẹ̀ gbára lé nìkan, kò ṣe é lóore.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni òjò, pé ènìyàn kò lè sọ ìgbà tí yóò rọ̀. Ní ìlú àwọn àlùfáà bíi Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀dá bá pọ̀ jù, àwọn àlùfáà a máa kó ìjọ jáde lọ kí ìrun òjò. Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà kan náà ló ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n so ràkúnmí wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Wíwo ojú ọjọ́ kí a tó sọ irúgbìn sílẹ̀, síso ràkúnmí náà nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní àsọtẹ́lẹ̀ àwọn ará Àbújá máa ń kùnà. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò oṣù mẹ́ta ṣáájú kò lè rí gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tó ń sọ kì í ṣe pé yóò rí bẹ́ẹ̀ dandan, ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ju kó má rí bẹ́ẹ̀ lọ. Aláròóbọ̀ tó ń ra àgbàdo pamọ́ kò mọ iye tí yóò tà á lóṣù mẹ́ta sí i, síbẹ̀ ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ọjà mìíràn dé kó tó náwó. Àgbẹ̀ náà yẹ lẹ́ni tó ń béèrè. Ó sì yẹ kí wọ́n ṣàlàyé fún un pé àsọtẹ́lẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nìkan kò tó, pé èyí tí wọ́n ń sọ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló máa ń súnmọ́ òótọ́ jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé irú nǹkan báyìí kò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, kó wo orílẹ̀-èdè Mali. Ní ọdún 1982, lẹ́yìn tí ọ̀dá ti fojú àwọn ará ibẹ̀ rí màbo, àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn lọ bá àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ nínú oko. Wọ́n fún wọn ní ohun tí wọ́n fi ń wọn òjò, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kà á. Onímọ̀ ojú ọjọ́, onímọ̀ ọ̀gbìn àti oníròyìn ń jókòó pọ̀ lọ́jọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ òjò padà sí ìmọ̀ràn: bí òjò tó rọ̀ lóko rẹ bá ti tó báyìí, gbin ọkà, bí kò bá tíì tó, dúró. Orí rédíò ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, ní àwọn èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ nílé. Àwọn tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn náà rí i pé oko wọn so ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, iye àwọn àgbẹ̀ tó ń wọn òjò sì di púpọ̀. Mali kò lówó ju Nàìjíríà lọ.

Kwara ní ohun tó ju ti Mali ìgbà náà lọ. NiMet ní ibùdó tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti ọdún 1975, ti ìpínlẹ̀ sì wà ní Màlété láti ọdún 2009. ARMTI, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, wà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ilé iṣẹ́ àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ ìdáko wà ní Ìdófíàn. Olú-ilé iṣẹ́ àjọ tó ń rí sí agbada odò Ọya ti ìsàlẹ̀ wà nínú Ìlọrin gan-an. Rédíò Kwara ń bẹ, Harmony FM ti ìjọba àpapọ̀ náà ń bẹ ní Ìdófíàn. Gbogbo irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò kó wọn jọ sídìí iṣẹ́ kan.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Bí NiMet bá ti kéde àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ pe gbogbo àwọn wọ̀nyí jọ kí oṣù kan tó pé. Kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti Baruten létí ibodè Benin tó sì dé Pátígi létí odò Ọya kò lè ní òjò kan ṣoṣo. Bí rédíò bá kàn ní òjò yóò tètè rọ̀ ní Kwara lọ́dún yìí, kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹfà, kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní èdè Yorùbá, Núpé, Bàrùbá àti Fúlàní, ní àsìkò tí àgbẹ̀ wà nílé, ìyẹn lẹ́yìn ìrun àsùbá tàbí lẹ́yìn ìrun iṣáì. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn lémọ́mù, àwọn pásítọ̀, àwọn baálẹ̀ àti àwọn olórí ọjà. Kí wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ kọ́ àgbẹ̀ nínú oko sí iṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì fún wọn ní alùpùpù tí wọ́n yóò fi máa dé oko. Nígbà tí ọdún bá sì parí, kí wọ́n jáde wá sọ níbi tí àsọtẹ́lẹ̀ wọn ti bọ́ sí i àti ibi tó ti kùnà. Ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sọ́dọ̀ irúgbìn nìkan. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ní òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, òjò ńlá kan rọ̀ sí Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ìlú tí kò jìnnà sí Jẹ́bà lódì kejì odò. Omi gbá ilé lọ, ó gbá ènìyàn lọ lójú oorun. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní iye àwọn tó kú lé ní 200. Oṣù karùn-ún ni o, ìgbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń dúró de òjò. Àwọn tó kọ́lé sí etí odò Àsà nínú Ìlọrin, àti àwọn tó ń da pàǹtírí sínú gọ́tà, ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gọ́tà, kí òjò tó dé ni wọ́n ń kó o.

Ti àfonífojì odò Ọya tilẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní Pátígi, Làfíàgí àti Shonga kò lè fi òjò ojúlé wọn nìkan mọ bí odò yóò ṣe kún. Orí àwọn òkè Guinea ni odò náà ti ṣẹ̀ wá, omi tó rọ̀ níbẹ̀ sì lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan kó tó dé Kainji. Ìdídò Kainji, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1969, àti ti Jẹ́bà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985, ló wà lókè wọn. Bí ìdídò bá kún tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀, oko ìsàlẹ̀ ló ń jìyà. Ní ọdún 2012, àjọ NEMA ka ènìyàn 363 tí omíyalé pa káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì tó sá kúrò nílé. Ní ọdún 2022, iye àwọn tó kú lé ní 600. Omi tó rìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó dé kì í ṣe omi òjijì. Àyè wà láti kìlọ̀, bí ẹni tí yóò kìlọ̀ bá mọ ọ̀nà abúlé.

Kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀, àgbẹ̀ náà ní ohun tó lè ṣe. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, kó má ṣe gbin gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà. Kó gbin díẹ̀, kó fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ de òjò kejì àti ìkẹta. Kó fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣì gbẹ táútáú, orí ilẹ̀ nìkan ni òjò náà rí. Kó gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba sí gbangba, níbi tí igi àti òrùlé kò ti ṣíji bò ó, kó sì fi rúlà ọmọ ilé ìwé wọn omi inú rẹ̀ láàárọ̀. Bí omi náà bá jìn tó mílímítà kan, lítà omi kan ló bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó. Kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kó bo orí ebè iṣu rẹ̀ kí oòrùn má baà se é nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Síbẹ̀, agolo àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ òjò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ àwọn tó wà ní Àbújá àti ní pápákọ̀ òfurufú nìyẹn, wọ́n sì ti ṣe ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù ni láti gbé ọ̀rọ̀ náà dé Afọ̀n, dé Kàíámà, dé Pátígi, kó tó di pé irúgbìn wọlẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Kí àwọn tó gbọ́ nípa ogun náà tètè lọ sọ fún un.